Gílóòbù Mẹ́rin àti Igba Ẹyin

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná iwájú ilé wa kò gùn. Ó ní wọ́n fẹ́ tún ẹ̀rọ iná àdúgbò ṣe, iná ò sì ní sí láti aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ títí di àárọ̀ Sátidé. Ó ní kí a má bínú. Àǹtí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi èékánná gbé igun rẹ̀ sókè wò bóyá wọ́n kọ nǹkan mìíràn sẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan.

"Ọjọ́bọ̀ ni ẹyin máa pé ọjọ́ méjìdínlógún," ni ó wí.

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Ó máa wá ku mẹ́ta."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o mọ̀. Ìmọ̀ kì í mú ẹyin gbóná."

Àǹtí ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé bàbá mi tí ó ti ń fi àpótí ìsàba yọ ọmọ adìyẹ. Àpótí onípákó ni, ó ga dé àyà mi, gílóòbù mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀ tí ń fún ẹyin ní ooru tí ìyá wọn ìbá fún wọn. Igba ẹyin ló wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ kú nítorí pé iná lọ fún ọjọ́ kan gbáko. Ti èkejì kú nítorí pé iná ò lọ rárá, Àǹtí sì gbàgbé láti ṣí ihò atẹ́gùn. Lẹ́yìn èyí ni bàbá mi, tí ń ta táyà, wá sí yàrá náà, ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ògiri dé ògiri. Ó ní bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún bàjẹ́, táyà ni òun máa kó síbẹ̀.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà," ni ó wí. "Mo kàn ń sọ pé táyà kì í kú ni."

Àǹtí ò ní ọkọ mọ́, kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní yàrá mìíràn. Òun àti àpótí yẹn ni.

Èmi ni mo ń kọ ìwọ̀n ooru sínú ìwé ní wákàtí wákàtí. Tíṣà ìṣirò ni mí, àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi, kò sì sí ẹni tí mo lè fún ní máàkì. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́, kì í ṣe ẹyin nìkan ló ń mú mi jókòó sí yàrá yẹn. Ẹni tó so wáyà àpótí náà ni oníṣẹ́ iná tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mítà, ó sì máa ń yà wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ga, kò sanra, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti oníṣẹ́ iná lọ. Wọ́n ń pè é ní Mítà nítorí pé kò gba nǹkan kan gbọ́ láyé yìí àfi èyí tí ó bá fi mítà ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná, wọ̀n. Ẹnìkan ti ta gílóòbù fún un rí tí wọ́n kọ ọgọ́ta wáàtì sí lára, tó jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ni. Láti ọjọ́ náà, kì í ka ohun tí wọ́n bá kọ sára nǹkan mọ́. Ó máa ń dùn mí pé wọ́n tan irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jẹ. Oṣù mẹ́jọ ni ó ti ń dùn mí.

Nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí ó bá mi sọ ni, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di wáyà dúdú yìí mú." Mo bá a dì í mú. Mo ṣì lè fi ojú inú rí wáyà náà.

Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta wáàtì ni agbára rẹ̀. Àǹtí lọ bá a ní Ọjọ́rú, mo tẹ̀lé e.

"Àǹtí Ẹlẹ́yin, ẹ mọ̀ pé mi ò háwọ́," ni onígbàjámọ̀ wí. Ó ń fá irùngbọ̀n ẹnìkan lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ló yá a. Ó ní òun kàn fẹ́ fi tan iná. Áyọ́ọ̀nù ló kì bọ̀ ọ́. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn nǹkan tó ń jó, ojú ọ̀rẹ́ mi ni mo ń rí. Ẹ jẹ́ kí Mítà wá wò ó. Bí Mítà bá ní ó lè gbé e, ó gbé e nìyẹn."

"Bó bá ní kò lè gbé e ńkọ́?"

"Mítà kì í yí ọ̀rọ̀ padà."

Ọkùnrin tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ mi orí sí i. Kò sì yẹ kó mi orí, abẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀, iná lọ. Àwọn tó ń pèsè iná kì í pẹ́ bó bá jẹ́ mímú iná lọ ni. Mítà dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, onígbàjámọ̀ sì gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró tì í. Mítà na ọwọ́ sí gílóòbù àkọ́kọ́, ó fa ọwọ́ padà.

"Ó gbóná," ni ó wí.

"Ẹ jẹ́ kó tutù," ni Àǹtí wí.

A jókòó, a ń dúró kó tutù. Mítà jókòó sí orí báàgì rẹ̀, èmi jókòó sí orí àpótí ọṣẹ kan, orúnkún wa ò jìnnà síra wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mi ò tíì rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin ń tutù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Lẹ́yìn náà ó tú gílóòbù náà, ó fi ẹnu méjèèjì mítà kàn án nídìí.

"Óòmù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta," ni ó wí. Ó wá kọjú sí onígbàjámọ̀, nítorí pé ó máa ń fẹ́ kí nǹkan yé ẹni tó ni nǹkan. "Fóòtì ni ohun tó ń ti iná lọ. Áńpù ni iye iná tó ń kọjá. Óòmù ni bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Bí ẹ bá fi óòmù pín fóòtì, ẹ ó mọ áńpù. Bí ẹ bá wá fi áńpù sọ fóòtì di púpọ̀, ẹ ó mọ wáàtì, ìyẹn agbára tí nǹkan náà ń jẹ."

"Ṣe é lọ," ni onígbàjámọ̀ wí.

Mítà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí ẹyin kan. Fóòtì òjìlénígba, a fi mẹ́rìnlélọ́gọ́ta pín in, ó jẹ́ áńpù mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó fi òjìlénígba sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún wáàtì. Gílóòbù kan nìyẹn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀ta.

"Jẹnẹrétọ̀ yìí ò lè gbé e," ni ó wí. "Ẹyọ kan ṣoṣo gan-an, kò lè gbé e."

"Ọgọ́ta wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára," ni Àǹtí wí.

"Wọ́n kọ ọ́, mà," ni Mítà wí, pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Onígbàjámọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún ní abẹ́rẹ́, ó sọdá títì. Mítà kó báàgì rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan.

"Ẹ fi aṣọ bo àpótí yẹn," ni ó wí, ó sì lọ.

A fi aṣọ ìbora mẹ́ta bò ó. Àǹtí gbé omi ka iná gáàsì, ó ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, a ń tò ó sí àárín ẹyin. Ó yẹ kí ooru wà ní mẹ́tàdínlógójì àtààbọ̀. Ní aago mọ́kànlá, ó ti di mẹ́rìndínlógójì. Ní aago méjìlá kù díẹ̀, ó di márùndínlógójì. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ márùn-ún kan bí mẹ́fà.

Mo wá mú páálí ẹyin yẹn, mo yẹ ìṣirò Mítà wò bí mo ṣe ń yẹ ti àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Kò sí àṣìṣe. Ó fa ìlà sí abẹ́ ìdáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ló wá dùn mí jù, pé irú ìṣirò tó mọ́ tó báyìí ló máa gba yàrá lọ́wọ́ Àǹtí mi.

"Áyọ́ọ̀nù tí ọ̀rẹ́ onígbàjámọ̀ fi jó jẹnẹrétọ̀ yẹn," ni Àǹtí bi mí láti ìdí gáàsì, "wáàtì mélòó ni irú ẹ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún kan, Àǹtí."

"Gílóòbù mi kan wá jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún."

"Ohun tí Mítà sọ nìyẹn."

Ó da omi sínú ìgò kan, ó dé e. "Èmi ni mo ń nu eruku ara gílóòbù yẹn. Mi ò tíì rí i kó lọ aṣọ rí."

Mo wò ó.

"Bó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wà nínú àpótí yìí láti ọjọ́ méjìdínlógún," ni Àǹtí wí, "ẹyin sísè ni à bá ti máa jẹ láti ọjọ́ kejì. Gbé ìgò yìí dání."

Mi ò gbé ìgò dání. Páálí ẹyin ni mo gbé dání, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mítà. Mo ti ro ọjọ́ tí mo máa sáré lọ bá ọkùnrin yẹn láìmọye ìgbà. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo gbà rò ó, kò sí páálí ẹyin níbẹ̀.

Ó ń bó wáyà lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Ó dìde dúró.

"Tíṣà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ìṣirò yín tọ̀nà," mo wí. "Ohun tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà."

"Mítà ọwọ́ mi kì í purọ́, Tíṣà."

"Mi ò ní ó purọ́. Ìgbà tí gílóòbù ń sùn ni ẹ lọ bi í léèrè. Ẹni tó ń sùn kì í dí èèyàn lọ́nà. Ẹ ò wọ̀n ọ́n nígbà tó ń ṣiṣẹ́." Mo sọ ọ̀rọ̀ Àǹtí fún un, ti áyọ́ọ̀nù àti ti ẹyin sísè.

Kò dá mi lóhùn. Bí kò bá dáhùn, ó ń ronú nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ìyẹn. Ó gbé bátìrì ọkọ̀ kan sórí tábìlì, ó mú gílóòbù iwájú ọkọ̀ kan nínú agolo. Ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ ní tútù. Ààbọ̀ óòmù.

"Bátìrì jẹ́ fóòtì méjìlá," ni ó wí. "Áńpù mẹ́rìnlélógún ló yẹ kó fà."

Ó yí ojú mítà sí ti áńpù, ó so ó mọ́ ojú ọ̀nà iná kí iná lè gba inú mítà kọjá, ó tan gílóòbù náà. Ó mọ́lẹ̀ rekete. Àwa méjèèjì tẹ̀ba wo mítà. Méjì ni ó kọ.

Ó pa á, ó tún un tàn. Méjì.

"Méjìlá, ká fi méjì pín in," mo wí.

"Óòmù mẹ́fà." Ó fi ìka kan ra iwájú orí. "Ní tútù, ààbọ̀. Ní gbígbóná, mẹ́fà. Okùn tín-ínrín tó wà nínú rẹ̀ ni. Bó ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń dí iná lọ́nà sí i."

"Ṣé gbogbo nǹkan ló rí bẹ́ẹ̀?" mo bi í.

Ó rò ó dáadáa. "Rárá o. Okùn gílóòbù ni mo mọ̀."

Ó jókòó. Ó wo páálí ẹyin náà, ó wo ìlà méjì tó fà sí abẹ́ rẹ̀.

"Mo dúró kó tutù," ni ó wí. "Kí ọwọ́ mi má bàa jó. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó de àṣìṣe."

Kò mẹ́nu ba orúnkún. Èmi náà ò mẹ́nu bà á.

Èèyàn márùn-ún ló wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti fá irun dé ìdajì. Mítà dúró ní ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ohun tí mo sọ láàárọ̀, àṣìṣe ni. Jẹnẹrétọ̀ yín lè gbé e."

Onígbàjámọ̀ ò yíjú padà. "Mítà kì í yí ọ̀rọ̀ padà."

"Mo ti yí i padà."

"Èwo wá ni kí n gbà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì?"

"Ti ìkẹyìn."

"Gbogbo ẹni tó bá ba nǹkan mi jẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn máa ń wà lẹ́nu wọn," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Ẹ dá a lóhùn kẹ́ ẹ parí orí mi," ni onídajì irun wí.

Mítà bọ́ mítà rẹ̀ lọ́rùn. Okùn ló fi máa ń gbé e kọ́ ọrùn, mi ò tíì rí i láìsí i rí. Ó gbé e sórí tábìlì, láàárín kóòmù àti pawudà.

"Bí jẹnẹrétọ̀ bá jó, kí mítà yìí di tiyín," ni ó wí. "Bí kò bá jó, ẹ dá a padà fún mi lọ́jọ́ Sátidé."

Onígbàjámọ̀ gbé mítà náà, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì nà án padà sí Mítà.

"Kọ́kọ́ lọ fi wọ̀n ọ́n lójú mi," ni ó wí. "Lẹ́yìn náà kó wá sùn sọ́dọ̀ mi."

Ó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, onídajì irun sì bá wa lọ, pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó ní òun ò ní nǹkan mìíràn láti ṣe.

Ooru inú àpótí ti di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àtààbọ̀ nígbà tí a débẹ̀. Àǹtí jókòó ti àpótí náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, bí ẹni pé òun náà fẹ́ sàba.

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa fi wọ́n sí i," ni Mítà wí. "Ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, kí okùn tó gbóná, ohun tí mo sọ láàárọ̀ jẹ́ òótọ́. A ò gbọ́dọ̀ tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní tútù."

"Ó tọ̀nà fún ìṣẹ́jú àáyá kan," ni onígbàjámọ̀ wí, "kò tọ̀nà fún ọjọ́ méjì."

Wọ́n fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó gbérí. Mítà kì gílóòbù àkọ́kọ́ bọ ihò rẹ̀. Ohùn jẹnẹrétọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ó tún gòkè. Onígbàjámọ̀ di ojú. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Mítà ka mítà rẹ̀ sókè.

"Áńpù kan," ni ó wí. "Fóòtì òjìlénígba. Òjìlénígba wáàtì, fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọgọ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i lára," ni Àǹtí wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò sọ nǹkan kan o."

Onígbàjámọ̀ la ojú. Ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, kò rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀. "Ó wá ku irínwó ó lé mẹ́wàá wáàtì," ni ó wí. "Ṣé ẹ lè fa wáyà kan kọjá títì fún fáànù mi?"

Mítà fà á fún un. Lẹ́yìn náà ni onígbàjámọ̀ gba mítà, ó fi sínú àpótí kóòmù rẹ̀, ó tì í.

Ọjọ́ méjì ni Mítà fi wà láìní mítà. Kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó ń wá sí yàrá náà láti rọ bẹtiróòlù, kò sì ń tètè lọ. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ ìpín. Mo ní díẹ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n. Ó ní ó dára. Ní Sátidé, iná dé, jẹnẹrétọ̀ sọdá títì ní àlàáfíà, mítà sì padà sí ọrùn rẹ̀. Ó ń rùn pawudà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹyin pé ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kò sí èyí tó mira. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàbá mi yí táyà kan wọ yàrá, ó fi í ti ògiri, ó sì jókòó lé e lórí.

"Mọ́kànlélógún," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù mú wọn lójú ọ̀nà," ni Àǹtí wí. "Ẹni tí òjò dá dúró kì í dé lásìkò."

"Táyà kì í pẹ́ lójú ọ̀nà."

"Táyà ò ní ibi tó ń lọ."

Bàbá mi fún un di ọ̀sán ọ̀la. Ó fi táyà sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ibẹ̀.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń fi èékánná ha páálí. Àǹtí ní kí n má ṣí àpótí. Kò ṣí i, èmi náà ò ṣí i, a gbé etí lé e. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, ọmọ adìyẹ mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ló ti jáde, wọ́n tutù bíi aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, inú sì ń bí wọn. Bàbá mi dé lásìkò tó dá. Ó kà wọ́n fúnra rẹ̀, ó tún wọn kà. Lẹ́yìn náà ó yí táyà rẹ̀ jáde. Ní ẹnu ọ̀nà ni ó ti dúró.

"Ihò atẹ́gùn yẹn," ni ó sọ fún Àǹtí, "má gbàgbé ẹ̀."

Mítà wọlé bí ó ṣe ń jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ adìyẹ kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò fi ẹnu mítà kàn. Ó dá a padà. Ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wa.

"Tíṣà," ni ó wí, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ bá yín sọ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

"Kí ló dá yín dúró?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mò ń dúró kó tutù," ni ó wí. "Kí n lè dì í mú."

Mo rántí báàgì tó jókòó lé, àpótí ọṣẹ mi, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbígbóná," mo wí.

Ó la ẹnu. Láti inú yàrá, láàárín ohùn mẹ́tàlélọ́gọ́jọ, ni Àǹtí ti ké sí wa.

"Ẹ̀yin méjèèjì yẹn, ẹ wọlé tàbí kẹ́ ẹ jáde. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ooru ń lọ."

A jáde, a ti ilẹ̀kùn.